Láfún Inú Búrẹ́dì Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí irun apá rẹ̀ máa ń funfun fún fúláwà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín, ojú yín ni mò ń sá fún. Láti Sátidé tó kọjá, tí mo bá dé ẹnu ààrò láàárọ̀, mi ò kí yín mọ́ bí mo ṣe máa ń kí yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti fi ayé sílẹ̀. Mo kàn ń kó igi sínú ẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wá jalè nílé bàbá ara ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Látìgbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọ̀lú mọ́, láfún ni mò ń pò mọ́ búrẹ́dì yín. Fúláwà tí àwọn onífàyàwọ́ ń gbé wá, owó mi ò ká a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lé odidi ọmọṣẹ́ lọ torí ẹ̀kúnwọ́ láfún kan! Orúkọ yín sì wà nídìí páànù tá a fi ń yan búrẹ́dì síbẹ̀, bí onípáànù ṣe lù ú sí i fún yín. Bí èèyàn bá dojú búrẹ́dì dé, ÀKÀNNÍ ló máa kà. Èmi ni mò ń tẹ orúkọ yín sídìí ohun tẹ́ ò lè fọwọ́ kàn.

Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn tó yẹ ká bá wí wí.

Ẹ mọ̀ pé ìwé ìròyìn àtijọ́ tá a fi ń wé búrẹ́dì ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé, torí ẹ ní ọmọbìnrin tó ń po ìyẹ̀fun ò nílò síléètì. Mo ti ka púpọ̀ níbẹ̀. Amẹ́ríkà ló ń ta àlìkámà fún wa ní pọ́ọ́kú nígbà tówó epo ń ṣàn, títí ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ń jí, tí ò béèrè ẹ̀kọ mọ́, àfi búrẹ́dì àti tíì. Ìgbà tówó epo wálẹ̀, àwọn tá a jẹ ní gbèsè ní ká já náírà lulẹ̀. A já a. Àwọn sójà wa náà bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àlìkámà, wọ́n ní ká jẹ ohun tá a bá gbìn. Ṣé wọ́n la ọ̀nà oko fẹ́ni tó ń gbìn ín ni? Amẹ́ríkà wá fàbínú yọ, ó ń halẹ̀ pé òun náà ò ní ra ọjà tiwa. Ọ̀rẹ́ wo ló máa ń kọ́ èèyàn lóúnjẹ kó tó wá fi oúnjẹ náà lọ́ ọ lọ́rùn?

Ẹ̀yin náà ò mọ́ nínú ẹ̀ o, Bàbá. Ta ló fi oko iṣu ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ fún àbúrò ẹ̀, tó ní ọkọ́ wà fẹ́ni tórí ẹ̀ ò pé? Bàbá Kékeré, Àjàní àbúrò yín, gbé ọkọ́ ẹ̀. Ó ń gbin pákí ẹ̀ lọ. Láfún tiẹ̀ náà ló ń gbà mí báyìí, funfun báláú, tí yanrìn ò sí nínú ẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀ ń fi ojú ara ẹ̀ ṣà.

Ní Sátidé, ẹgbẹ́ oníbúrẹ́dì pè wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń ta àlìkámà ló fẹ́ rí wa, kí àwa oníbúrẹ́dì lè bá a bẹ ìjọba kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní káwọn kan mú búrẹ́dì alápòpọ̀ pákí wá, káwọn kan mú ògidì àlìkámà, kí wọ́n fi wéra. Tèmi ni Alága mú gẹ́gẹ́ bí ògidì. Ta ni ò mọ búrẹ́dì Àkànní? Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Mo rò pé mo ṣì máa sọ ọ́.

Bàbá Kékeré ló bá mi ru páálí ẹ̀ láti ibùdókọ̀. Ó wọ agbádá Iléyá ẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ẹni tá a bá pàdé lọ́nà pé, "Òyìnbó ló fẹ́ jẹ láfún mi."

Wọ́n kó ti àwọn ẹlòmíì jáde. Èyí kan rì láàárín bí ikùn aláwẹ̀, òmíràn ń run kíkan. Òyìnbó fẹnu kàn án, ó tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ó wá kan tiwa. Ó bù ú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó dijú, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Ògbufọ̀ ẹ̀ dìde.

"Ó ní àlìkámà ilé àwọn rèé. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ èyí, kò sẹ́ni tó lè fi pákí tàn án mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fìgbọ̀nwọ́ gún mi, "Ọmọ Àkànní, dìde jàre, bá wa sọ nǹkan. Ìwọ lo lẹ́nu bí abẹ."

Mo dìde. Bàbá Kékeré wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé páálí òfìfo há abíyá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń dúró de ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Bàbá. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo gbọ̀ngàn á mọ̀ pé pákí wa lè ṣe búrẹ́dì tí òyìnbó á dijú jẹ. Wọ́n á sì mọ̀ pé mò ń fi orúkọ yín parọ́.

Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò wa." Mo jókòó.

Mo rí bí ẹ̀rín ṣe ń kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ààrò tí wọ́n fa igi ẹ̀ yọ. Nígbà tó sìn mí dé ibùdókọ̀, ó ní, "Ìyàwó mi á béèrè bóyá òyìnbó jẹ ẹ́. Kí ni kí n wí fún un?"

Èmi tí mo máa ń fún sójà lésì, ọkọ̀ ni mo sáré wọ̀. Láfún ọ̀sẹ̀ yìí ò dé. Dẹ́rẹ́bà tó máa ń gbé e wá ní Bàbá Kékeré ní kí n lọ máa ra ti òyìnbó.

Ṣé ojú orúkọ yín ni mo bò, àbí ojú ara mi? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀yin á sọ ọ́?

Láàárọ̀ yìí, màmá arúgbó ilé kejì wá ra búrẹ́dì. Mo ní, "Màmá, láfún wà nínú ẹ̀ o."

Ó fàtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Ìgbà tó o bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀. Eyín ló tán lẹ́nu mi, ẹnu ò tán. Ti bàbá ẹ máa ń le tó bá di ọjọ́ kejì. Fún mi ní méjì."

Ẹ má bínú, bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Mo wọlé lọ sunkún. Wọ́n ti mọ̀, wọ́n kàn ń bá mi bò yín láṣìírí ni. Nítorí aṣọ tí gbogbo àdúgbò ti rí ìdí ẹ̀, mo ta àbúrò yín lójú ara ẹ̀.

Alága ní kí n múra, a máa gbé búrẹ́dì náà lọ síwájú ìjọba l'Ékòó. Màá lọ, màá sì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kí Alága lé mi kúrò lẹ́gbẹ́ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo kọ́kọ́ ń lọ lọ́la, lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Kékeré àti ìyàwó ẹ̀. Bí wọn ò bá dá mi lóhùn ńkọ́?

Mo gbé páànù kan lọ bá onípáànù lónìí, pé kó lu ÀJÀNÍ mọ́ ÀKÀNNÍ. Ó ní àyè ò gbà á, àfi kóun pa lẹ́tà tiyín rẹ́, kóun tún un lù kó kéré. Mo ní kó ṣe é. Búrẹ́dì tí mo bá yan nínú ẹ̀ ni màá mú dání lọ́la.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún un.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, ẹlẹ́nu bí abẹ tẹ́nu ẹ̀ kú lọ́jọ́ tó yẹ kó mú.