Obìnrin Inú Férémù

Rónkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ Olúṣẹ́gun ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ooru, ẹ kú òtútù, torí mo gbọ́ pé méjèèjì lè bá yín lọ́jọ́ kan náà ní Houston. Ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà, pàápàá lórí fíríwéè yín yẹn tí mọ́tò kì í dúró kí àgbàlagbà ráyè kọjá. Gbogbo wa ńlé wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan ń jẹ èèpo iṣu, èkejì ń jẹ aṣọ mi.

Obìnrin tó máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ nínú fóònù ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. O rántí pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú pálọ̀ yín ní Sharpstown, tó jókòó lórí àpótí, tó fi aṣọ funfun borí, mo rò pé ìyá ọkọ rẹ ni. Mo kúnlẹ̀ síwájú fóònù, mo ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọn ò dáhùn, wọ́n kàn ń wò mí. Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo bí ọ, mi ò tíì fojú kan ọkọ̀ òfúrufú, ìyá ọkọ ti dé ibẹ̀, wọ́n tún ń fojú pa mí rẹ́. Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọràá láti bi ẹbí wọn bóyá mo ṣẹ̀ wọ́n. Ta ni mo bá lẹ́yìnkùlé tó ń yan gàrí? Ìyá Olúṣẹ́gun fúnra wọn. Mi ò dúró gba gàrí kí n tó padà sílé.

Nígbà tí mo pè ọ́, ńṣe lo ń rẹ́rìn-ín. O ní àwòrán ni, pé obìnrin ayàwòrán kan láti ilẹ̀ Íńdíà, tó ṣì wà láàyè, ló ṣe é, pé ogójì péré ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì ha ojú pátákó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ òmíràn. O sún fóònù mọ́ ọn. Mo wọ ìgò ojú mi, mo rí méje lórí ogójì nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gba máàkì bẹ́ẹ̀ nílé ìwé tiwa, inú oòrùn ló máa kúnlẹ̀ sí. Mo ní bóyá ìdí nìyẹn tí o fi rí i rà ní ẹ̀dínwó. O ní rárá, èkeje ni tìrẹ nínú ogójì. Á jẹ́ pé ó tún jókòó sínú ilé mọ́kàndínlógójì mìíràn, tó ń wo àwọn onílé. Pẹ́ńsùlù sì ni ayàwòrán náà fi kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, báírò ló fi ń buwọ́ lùwé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ obìnrin náà méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìka. O ní ìmọ́lẹ̀ iná ni. Mo gbà, torí ìwọ lo lọ sí yunifásítì.

Ṣùgbọ́n Olúwadámilọ́lá (èmi ò lè pe Zoe yẹn, ó dà bí ẹni ń lé eṣinṣin) pé ọmọ ọdún mẹ́rin láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ ẹkún tí o ti sun, mo mọ ààwẹ̀ tí mo gbà. Ìgbà tí àwòrán yìí dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í dúró síwájú rẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń mì. Lọ́jọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó yíjú sí fóònù. Òyìnbó lẹ ń bá a sọ nílé, Yorùbá ló fọ̀. Ó ní, “Àbẹ̀ní, ṣé o ti jẹun?”

Ìwọ bú sẹ́kún ayọ̀. Èmi gbé fóònù jìnnà sójú. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àbẹ̀ní kí wọ́n tó kú. Bàbá rẹ gan-an, Ìyá Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè mí títí wọ́n fi lọ. Ohun tí ìyá mi sì máa ń bi mí nìyẹn tí mo bá ti oko dé. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kí o yí ojú àwòrán náà sí ògiri, o sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ọmọ ò sọ̀rọ̀ mọ́. O ò bú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí o gbé fóònù kalẹ̀ tí o lọ wo ìkòkò lórí iná, ẹ̀yìn férémù nìkan ni mo ń rí. Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ìyá, ẹni yòówù kí ẹ jẹ́, bí ẹ bá ní láti gba nǹkan kí ẹ tó fún ọmọdé lóhùn, ẹ má gbà á lọ́wọ́ Rónkẹ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà. Èmi ti sọ̀rọ̀ tó láyé. Férémù náà mì díẹ̀, mo sì gbọ́ tí ọmọ rẹ́rìn-ín níbi tí mi ò ti rí i.

Nítorí náà, yí ojú rẹ̀ padà síta. Má tà á, má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Adéògún tó ń padà sí Brays Oaks nítòsí yín níbẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kí o fún un lóúnjẹ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kí n sì ra síléètì kan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Àwọn èèyàn ń wọlé wá kí mi, ó yẹ kí n máa rí nǹkan fi dá wọn lóhùn. Láti ìgbà tí mo ti jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn mi ò jáde. Kò dùn mí rárá, má sunkún. Ọlọ́run ò ní pa ọmọ rẹ lẹ́nu mọ́ láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ̀hìntọlá