Ike Tí Kò Lè Dá Iná Dúró

Bàbá mi tí mi ò lè gbàgbé,

Iṣẹ́ yín ni mò ń ṣe báyìí. Ilé iṣẹ́ kan ní Agége ló gbà mí, èmi nìkan sì lobìnrin nídìí iṣẹ́ iná mànàmáná. Ẹ ì bá rẹ́rìn-ín. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan omi ìwẹ̀ mi wò, bí ẹni pé iná lè wà nínú omi náà.

Láti ìgbà tí iná ti gbé yín ní Ìkẹjà, ohun tí ọ̀gá yín sọ fún wa ni pé àìbìkítà ni, pé ẹ fọwọ́ lásán di waya mú. Màámi gbà á gbọ́. Inú bí wọn sí yín gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kọ́ wa nípa ẹ̀rọ tí a fi ń há waya láti mọ bí iná tó ń gba inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, láìfọwọ́ kan waya náà. Ààlà méjì ló ní. Ọ̀kan ni ìwọ̀n iná tó lè kà. Èkejì ni agbára iná tí ike ara rẹ̀ lè dá dúró, kó má baà dé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Èyí tó ń ka iná púpọ̀ lè má lè dá agbára ńlá dúró rárá.

Ikú yín ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo lọ bá Bàbá Sàídì, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní nígbà tí ẹ̀rọ yín bàjẹ́, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ ọjà òkèèrè di góòlù, ni ọ̀gá bá ra èyí tí wọ́n ṣe fún iná inú ilé, tó ní kí ẹ fi wọn waya iná alágbára ńlá. Ó ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, géètì nìyẹn. Ẹ̀rọ náà lè ka iná ọ̀hún, ẹ sì rò pé ó tó. Iná gba inú ike náà wọ̀ yín lára.

Mo délé, mo ṣàlàyé fún Màámi. Wọ́n rọra jókòó.

“Bàbá rẹ ò fọwọ́ kàn án?”

“Wọn ò fọwọ́ kàn án, Mà.”

Wọ́n káwọ́ lérí.

“Ìbínú ni mo fi sin ọkọ mi.”

Wọn ò jẹun dáadáa mọ́ látìgbà náà. Ṣé ó yẹ kí n sọ ọ́? Ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí Màámi sọ lórí òkú yín? Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá lè yọ sí wọn lójú àlá, ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ kàn jókòó tì wọ́n.

Èmi ọmọ yín,
tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.