Ohun Tí Bàbá Kékeré Máa Wí ní Sọ́ńdè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Bàbá Kékeré ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé kò húkọ́ mọ́? Òwú ayé yín ò ní já láàárín aṣọ. Ibi tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ á gbà yín. Ara àwa náà le, àfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń dùn wọ́n bí iṣẹ́ bá wà, tó sì máa ń san bí oúnjẹ bá ti délẹ̀. Ṣé o ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lálẹ́? Mo gbọ́ lórí rédíò pé òtútù ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín. Wọn ò dárúkọ àdúgbò yín gan-an, ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ fún mi pé òun ni wọ́n ń bá wí. Wá nǹkan bo àyà ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò rèé. Ní oṣù tó kọjá tí o gbé fóònù fún Bàbá Kékeré, ó kí mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ nǹkan gígùn kan. Mo dákẹ́ kí n lè tò ó pọ̀ lórí, ṣùgbọ́n kí n tó tò ó tán, ó ti dá fóònù padà fún ọ. Mo gbọ́ ohun tó sọ fún ọ. Ó ní Màmá Àgbà ò lè sọ̀rọ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní rárá o, wọ́n lè sọ̀rọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, apá búlọ́ọ̀sì ni mo rán mọ́ ọrùn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti kí mi báyìí, ọwọ́ rẹ ni fóònù tún ń bọ́ sí.

Mi ò bá ọ jà pé ọmọ ò gbọ́ èdè wa. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ẹ fi ń jáde, ibi tí ẹ sì ń gbé e sí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá a sọ. Ó kàn dùn mí ni. Èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdírì jáde, tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀ pé kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, ọmọ ọdún márùn-ún ló wá ní mi ò lè sọ̀rọ̀.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó háyà yàrá iwájú ilé wa. Wọ́n ní kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ fún àwọn. Mo sọ èyí tí wọ́n kọ́ wa, pé "I wish to commence", pé "Kindly extinguish the lamp". Tíṣà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tèmi wọ kóòtù, ó de táì, kò sì sí ọmọdé tó ń bá ẹni tó de táì ṣeré nílẹ̀. Wọ́n ní nínú ilé, ọ̀rọ̀ kéékèèké oní-ìrù ni àwọn tó ni ín ń lò. Wọn kì í "extinguish" iná, "put out" ni wọ́n ń wí. "Put" yìí kan náà, tí o bá so ìrù "on" mọ́ ọn, o ti wọ bàtà. Tó bá jẹ́ "off" lo so mọ́ ọn, o ti sún iṣẹ́ di ọ̀la. Tó bá jẹ́ "up with", o ti ń fara da ọkọ. Mo bi wọ́n pé ẹran wo wá lèyí tó jẹ́ pé ìrù rẹ̀ ló ń darí orí. Wọ́n ní èèyàn tún lè ti nǹkan bọ àárín rẹ̀, bíi "put your shoes on". Mo ní ìyẹn ò bà mí lẹ́rù, àwa náà kúkú ń sọ pé ó ba aṣọ jẹ́, tí aṣọ á sì rọra jókòó sáàárín "ba" àti "jẹ́". Tíṣà wò mí títí, wọ́n ní orí mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àdéhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ oní-ìrù mẹ́rin ni wọ́n máa kọ́ mi fún ṣòkòtò kan tí mo bá bá wọn lẹ̀. Márùn-ún ni ṣòkòtò wọn, gbogbo rẹ̀ ló sì ti ya. Ogún ọ̀rọ̀ ni mo ní báyìí, ṣòkòtò ti tán. Mo ń wo ìdí tíṣà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìrètí.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ téèyàn ò bá lò lójoojúmọ́, ńṣe ló máa ń sá lọ. Mo bá kọ wọ́n sórí páálí, mo lẹ̀ wọ́n káàkiri ilé. "Get up" wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì, "sit down" wà lára àga, "turn off" wà lábẹ́ súìṣì iná. Bàbá rẹ ní ilé àwọn ti di bárékè, pé àwọn ò lè jókòó mọ́ àfi tí àga bá pàṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lẹ "eat up" mọ́ tábìlì oúnjẹ, wọn ò ráhùn. Wọ́n lọ bi tíṣà, tíṣà ní ó túmọ̀ sí kéèyàn jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́ kù. Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n ti jẹ tiwọn, wọ́n ti jẹ tèmi mọ́ ọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rúfin.

Mo ń fi í dán àwọn oníbàárà wò náà. Ìyàwó mẹ́káníìkì wá gba aṣọ, mo ní kó "try on", kó "turn round", kó "hurry up". Ó ṣe gbogbo rẹ̀, ó sanwó, ó wá rọra bi mí pé ta ló múnú bí mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó di Sọ́ńdè, mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tí èmi àti Bàbá Kékeré máa bá ara wa sọ sílẹ̀. Ìlà méjìlá. Bírò búlúù ni mo fi kọ tèmi, pupa ni mo fi kọ tiẹ̀. Èmi á bi í pé aago mélòó ló "wake up", òun á ní aago mẹ́fà. Èmi á bi í pé ta ló ń "look after" rẹ̀, òun á ní ìyá òun ni, ó sì ń ṣe é dáadáa. Tíṣà fún mi ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan nípa àwọn ìlà pupa yẹn, ṣùgbọ́n mo ti ká ìwé mi.

Àná Sọ́ńdè wá pé. Ìwọ ti gba kíṣìnnì lọ, o ò mọ ohun tójú mi rí. Mo ti wẹ̀, mo ti wọ búlọ́ọ̀sì tó dáa, mo gbé fóònù sórí tábìlì ẹ̀rọ, mo ṣí ohùn rẹ̀ síta. Mo ka ìlà kìíní, pé aago mélòó ló jí. Ó ní òun ní bàtà tuntun. Mo wo ìwé, kò sí bàtà níbẹ̀. Mo ní bóyá ó fo ìlà ni, mo bá sáré lé e dé ìlà keje tí "put on" wà. Kí n tó kà á, ó ti dórí ajá ará ilé kejì yín. Mo ní kò tíì kan ajá. Lóòótọ́, ajá ò tilẹ̀ sí nínú gbogbo ìlà méjìlá. Bàbá rẹ tó ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ní ó hàn pé ọmọ yẹn ò kàwé wá.

Nígbà tó yá, òun náà dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni fóònù máa ń padà sọ́wọ́ rẹ. Mò ń wá ìlà tí màá kà, gbogbo ìrù ti bọ́ lára ọ̀rọ̀. O sì mọ̀ pé bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá Kékeré bi mí pé kí nìyẹn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá, mo tẹ̀ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ìwọ gan-an máa ń rín lábẹ́ tábìlì yìí nígbà tí o kéré. Ó ní kí n tún un ṣe, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Mo tún un ṣe. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo sọ ohun tí kò sí lórí ìwé kankan.

Mo ní, "Wí pé, tún un ṣe."

Ó ní, "Tún un ṣe."

Ọmọ mi, bí ẹni tí omi gbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe wí i, ṣùgbọ́n ó wí i. Mò ń tún un ṣe títí owó fi tán lórí fóònù rẹ. Mi ò rán aṣọ kankan, òwú ló kàn ń lọ. Tíṣà ní mi ò lo ọ̀rọ̀ oní-ìrù kan ṣoṣo. Mo ní irọ́ ni, mo "carry on".

Mo tún ṣàkíyèsí pé Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ owó fóònù ju èdè wa lọ. Ẹni tó ń ta káàdì ní bákan náà ni, ṣùgbọ́n káàdì ló ń tà, báwo ló ṣe máa bá mi sọ òótọ́?

Jọ̀ọ́, tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó bẹ́líìtì ẹ̀rọ ránṣẹ́, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti fẹ́ já, mi ò sì fẹ́ kó já lójú Bàbá Kékeré. Fi owó ṣòkòtò tuntun kan fún tíṣà mọ́ ọn. Ó máa pẹ́ kó tó ya, ló ṣe yẹ ká tètè bẹ̀rẹ̀. Má fi owó náà gba inú fóònù mi, kó má lọ dí ọ̀nà ohùn ọmọ.

Olúwa á ṣọ́ yín ní àwọlé àti àjáde. Ẹ ò ní fi ẹkún pè wá, àwa náà ò ní fi ẹkún dáhùn. Ọmọ tí o bí á tọ́jú rẹ, á sì máa dáhùn tí o bá pè é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó lè sọ̀rọ̀.

Mo gbàgbé: mo fi ìwé tuntun sínú lẹ́tà yìí. Máa ka apá pupa sí Bàbá Kékeré létí kó lè mọ̀ ọ́n kó tó di Sọ́ńdè. Mo ti fi bàtà sí i, mo ti fi ajá sí i. Ìlà kẹsàn-án ni mi ò kọ nǹkan kan sí. Kó wí ohun tó bá wù ú níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi á ti wà lórí ẹ̀rọ.