Nọ́ńbà Ilé Tí Mo Ha Kúrò Lára Ògiri

Ilé Bàbá Amos,
Ẹ̀yìn Ilé Ìjọ Onítẹ̀bọmi,
Fìdítì.
Ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọdún 1974.

Olúgbénga, Àlàní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ Èkó, mo kí ọ kú ooru ibẹ̀, mo sì kí Olúwakẹ́mi ìyàwó rẹ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ìyàwó Pásítọ̀ ń kọ́ wa ni mo fi ń kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè kà sétí akọ̀wé. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, má rò pé ara mi ni kò yá, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Bàbá rẹ ṣubú lóko ọsàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, ohùn wọn sì lọ. N kò tètè kọ̀wé sí ọ nítorí oyún ìyàwó rẹ, mo ní ara wọn yóò ti yá kí lẹ́tà tó dé Èkó, má bínú sí mi. Solomon àbúrò wọn ló gbé wọn sẹ́yìn láti oko títí dé títì, òun náà ló bá wa wá mọ́tò tó gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, a sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀.

Wọ́n tọ́jú wọn o. Wọ́n á di aṣọ kan mọ́ wọn lápá, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi atẹ́gùn náà jí apá tó kú ni, àfi bí wọ́n tún ṣe tú u dà nù lójú mi, tí wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Akọ̀wé wọn wá mú fọ́ọ̀mù wá, ó ní ta ló sún mọ́ aláìsàn yìí jù lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní Ṣàmsúdéènì ará Akinmọ̀rìn ni, torí bẹ́ẹ̀dì tiwọn àti tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, Ṣàmsúdéènì ni wọ́n pè pé kó wá buwọ́ lùwé, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ta wá, ó buwọ́ lù ú, ọmọlúàbí ni.

Akọ̀wé náà tún bèèrè ilé wa àti nọ́ńbà rẹ̀, mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní òun yóò rán ẹnì kan wá wò wọ́n nílé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé wọn yóò wá wo ilé. Nígbà tí a dé, mo sọ fún Solomon, ó mi orí, ó ní òun gbọ́ ọ nínú rédíò pé ní ìlú òyìnbó, bí àìsàn bàbá bá ti pẹ́, ìjọba á ta ilé rẹ̀ láti fi tọ́jú rẹ̀, àṣà náà ló sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí. Olúgbénga, ilé yàrá mẹ́fà yìí, o mọ iye ọdún tí bàbá rẹ fi wọ èwù kan ṣoṣo kí páànù rẹ̀ tó gorí. Mo mú ọ̀bẹ, mo ha nọ́ńbà tí àwọn tó wá ka ènìyàn lọ́dún tó kọjá fi ọ̀dà kọ sára ògiri, mo fi amọ̀ rẹ́ ojú ibẹ̀, mo sì bẹ gbogbo àdúgbò pé bí àlejò bá bèèrè ilé Amos bàbá rẹ, kí wọ́n ní Amos ti kó lọ sí Jóbẹ́lé.

Àdúgbò ò já mi kulẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n rán wá. Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò rí ilé. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n júwe Jóbẹ́lé fún un, ó sì lọ sí Jóbẹ́lé. Gbogbo ìgbà yẹn, bàbá rẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lórí ẹní, ìdí wọn sì ti ń yọ egbò, èmi ń fi ewé wẹ̀ ẹ́, mo rò pé mo ń dáàbò bò wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni Solomon mú ìwé wá pẹ̀lú íńkì. Ó ní kí bàbá rẹ tẹ̀ka síbẹ̀, kí ilé lè wà lórúkọ òun títí ìjọba yóò fi gbàgbé wọn. Èmi gan-an ló gbé orí wọn sókè, mo gbà á gbọ́, mo ti ṣàdúrà ọpẹ́ sínú. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, èyí tó ti kú, tí kò lè kọ nǹkan kan. Bàbá rẹ fi ọwọ́ òsì já ọwọ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ara wọn, wọ́n sì yí lé e lórí, lórí egbò yẹn. Omi ń bọ́ lójú wọn. Solomon ní àìsàn ti dé ọpọlọ, ó ní kí n bá òun rọ̀ wọ́n, òun ń padà bọ̀ ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí. Ó fi ìwé sílẹ̀.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, mo mú un tọ ìyàwó Pásítọ̀ lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí pé ó ń bá wọn tọ́jú ilé nínú rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá rẹ ti ta ilé fún Solomon, wọ́n sì ti gba owó rẹ̀ pé. Solomon tí mo pọ̀n nígbà tí mo dé ilé ọkọ níyàwó. N kò fẹ́ kí o bú u, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé bàbá rẹ dé títì, ṣùgbọ́n n kò mọ ojú tí n ó fi wò ó mọ́.

Níbẹ̀ náà ni ìyàwó Pásítọ̀ ti ní nọ́ọ̀sì kan ti ń wá wa kiri. Ó mú un wá lánàá, Josephine lorúkọ rẹ̀. Ó bi mí léèrè ohun tó ṣe ògiri, mo sọ fún un, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Nígbà tó ṣí aṣọ bàbá rẹ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wẹ egbò, kò bá mi wí, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ilé ìwòsàn kò nílò ilé ẹnikẹ́ni, ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù tí fọ́ọ̀mù ń bèèrè, èmi tàbí ìwọ ni.

Nítorí náà, wá kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé. Dẹ́rẹ́bà tó ń kó ọsàn lọ Èkó ni mo fi lẹ́tà yìí rán, ìwé Solomon ló wà nínú rẹ̀ yẹn, torí n kò fẹ́ kó bá a nílé. Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, mú owó tìmùtìmù rírọ̀ kan bọ̀, àti ti òwú àti oògùn egbò, àti owó díẹ̀ tí n ó fi se oúnjẹ fún Josephine, torí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ yìí, a gbé bàbá rẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí Josephine ṣe kọ́ wa. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń dáhùn ìkíni gbogbo ẹni tó ń kọjá, kò sì sí ẹni tó bínú.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ náà dàgbà. Lọ́jọ́ tí ara rẹ bá ń fẹ́ ìtọ́jú, ẹni tí yóò gbé orí rẹ sókè kò ní mú ìwé dání.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dorcas Àlàkẹ́.