Pákó Ọ̀mọ̀ Tó Kù

Bàbá mi àtàtà,

Okun o, mo kí yín níbi tí ẹ wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà, òrùlé ṣọ́ọ̀bù yín sì ń jò níbi tí ẹ máa ń to pákó sí. Níbi tí mo ti ń kó wọn kúrò ni mo ti rí pákó igi ọ̀mọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí ẹ gé sílẹ̀ fún ojú yukulélé, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tí ẹ fẹ́ràn láti máa ṣe. Orúkọ mi ni ẹ fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi ọ̀bẹ fá a. Mo wo orí fóònù, wọ́n ní kó nípọn tó mìlímítà méjì. Ẹ̀yin kì í lo rúlà. Ẹ ó fá a díẹ̀, ẹ ó fi ìka méjì gbé e sókè, ẹ ó lù ú, ẹ ó sì dijú. Tó bá ṣì nípọn jù, á dún kó, ohùn rẹ̀ á kú síbẹ̀. Tó bá sì fẹ́lẹ́ jù, okùn á fà á ya. Igi kan ò jọ̀kan.

Nígbà tí etí yín di, èmi lẹ fi ṣe etí. Ẹ ó lu pákó, ẹ ó máa wo ojú mi.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́sàn-án Sátidé tí ẹ ń ṣe gìtá tíṣà kan láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ojú ń kán mi, ọkọ̀ Lọ́kọ́jà ti fẹ́ kún. Pákó yẹn dún kó. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo na àtàǹpàkò sí yín pé ó ti tó. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gìtá. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Èmi ò tiẹ̀ lanu, síbẹ̀ ó fọ́.

Tíṣà dá a padà, kò dún. Ẹ gbé e sórí itan, ẹ ta okùn rẹ̀ títí. Lọ́jọ́ náà ni ẹ kó ìfági yín sínú àpò ìrẹsì, ẹ so ẹnu rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá gbéṣẹ́ fún yín ni ẹ ń sọ fún pé ọwọ́ yín ti kú. Mo wà níbẹ̀, mo ń jẹ iyán lọ. Ṣé ẹ fura sí mi rí? Ojú ń tì mí, Bàbá, ó sì ń dùn mí.

Lónìí mo tú àpò náà. Mo fá pákó, mo lù ú, ó dún kó. Mo tún fá a, mo dijú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ jáde, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Mo dáwọ́ dúró. Mi ò wo rúlà mọ́. Mo gbójú sókè, mo na àtàǹpàkò sí yín.

Àga yín nìkan ló wà níbẹ̀, bó ti wà láti ọjọ́ tí a sin yín. Ọwọ́ yín ò kú rí, Bàbá. Èmi ni mo parọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ṣe etí.