Ilẹ̀kùn Kan Tó Ní Ìdábùú

Ìyá mi tí mo ń pè tí kò dáhùn mọ́,

Ilé náà ti parí. Gbọ̀ngàn ìlú tí gbogbo Ọ̀tà ń sọ, èmi ọmọ yín ni mo ya àwòrán rẹ̀, èmi náà ni mo dúró ti àwọn bíríkìlà títí wọ́n fi kan páànù tó kẹ́yìn mọ́ ọn. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ ò bá ti jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀, kí ẹ máa hun ẹní, kí ẹ máa ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ ẹni tó kọ́ ọ, kí àwọn èèyàn lè máa sọ fún yín. Mo mọ̀ yín.

Ìjì kan ló fà á. Ó ṣí òrùlé koríko apá ìsàlẹ̀ ìlú lọ, àwọn èèyàn àti ọmọ wọn sì ń sùn sábẹ́ igi. Ni àwọn àgbà bá pinnu pé ìlú gbọ́dọ̀ ní ilé kan tí a ó ti máa ṣèpàdé, tí àwọn ọmọ ilé kéú yóò ti máa kàwé, tí àwọn abiyamọ yóò máa gbé ọmọ wá nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí ìjì bá jà tàbí bí iná bá sọ, ẹnikẹ́ni lè sá wọ̀ ọ́. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fọwọ́ sí i. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní Èkó, níbi tí mo ti ń ya àwòrán ilé fún ìjọba, wọ́n ní ọmọ ìlú ni kó ṣe é. Nígbà tí mo dé, wọ́n mú mi lọ kí alága ìgbìmọ̀. Bàbá Onípáànù ni.

Màámi, ó ti darúgbó. Ó fi ọwọ́ kàn mí lórí, ó sì ṣàdúrà fún mi. Kò mọ̀ mí rárá. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ṣé ẹ rántí ojú ọ̀nà yẹn? À ń bọ̀ láti Ìgbẹsà, ẹní títà lórí yín, ọwọ́ mi nínú ọwọ́ yín. Ìjì ká wa mọ́ iwájú ilé rẹ̀, ilé kan ṣoṣo tó ní páànù ládùúgbò náà nígbà yẹn, òun ló sọ ọ́ ní Onípáànù. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i díẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ yín, ó ní ilé ti kún. Mo kúrú nígbà náà, mo sì rí inú ilé láti abẹ́ apá rẹ̀. Àpò èkùrọ́ wà níbẹ̀, ewúrẹ́ kan sì dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ewúrẹ́, Màámi. Kí lẹ wá fi dá a lóhùn? Ẹ ní ẹ kú ìnira, bàbá. Ẹ tún kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ máa ń kí ẹni tó ń bá yín jà pàápàá, mo sì máa ń bínú sí i.

Ẹ tú ẹní tí ẹ ò rí tà, ẹ fi wé mi láti orí dé ẹsẹ̀. Inú ẹní yẹn ni mo ti ń gbọ́ òjò tó ń lù yín. Ikọ́ tó mú yín lọ́jọ́ náà ni kò lọ mọ́ títí wọ́n fi sin yín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni mo kọ́lé yẹn fún. Mo gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè kí àgbàrá má lè wọ̀ ọ́. Mo jẹ́ kí ògiri nípọn. Páànù ni mo yàn, kí iná má rí koríko jó. Mo na ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká kí ẹni tó gbẹ́rù lè sọ ọ́ kalẹ̀, mo sì to ẹní sókè àjà fún ẹni tí yóò sùn. Ilẹ̀kùn yí ilé náà po, kò sì sí èyí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbìmọ̀ bá mi jà lórí ìyẹn, wọ́n ní olè á jí bẹ́ǹṣì. Mo ní kó jí i. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà, ẹnì kan ni yóò dì í mú, onítọ̀hún lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ilé kún. Bàbá Onípáànù ni mo ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ń mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dára.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tó kọjú sí ilé rẹ̀, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé bó bá ń sá bọ̀. Èyí nìkan ni mo ṣe igi sí láti inú, tí a lè fi dábùú rẹ̀. Mo sọ fún àwọn káfíńtà pé nítorí afẹ́fẹ́ ni. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Mo wá àwáwí pé ó ku iṣẹ́ díẹ̀, mi ò padà sí Èkó, mo sì ń wo ojú ọ̀run lójoojúmọ́. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo ń gbàdúrà fún.

Ìjì náà dé lẹ́yìn ìrun aláásárì. Àwọn èèyàn ń ya wọlé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ẹlòmíì gbé adìyẹ, ẹlòmíì ru ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo sì fi igi dábùú rẹ̀. Mo rí i láti ojú ihò ara pákó nígbà tí páànù ilé Bàbá Onípáànù tó ti dógùn-ún fò lọ. Mo rí òun náà tó ń bọ̀ láìdé fìlà, tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn. Mo fi ọwọ́ le igi náà, mo fi ẹnu sún mọ́ pákó, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé sínú láti kékeré: Ilé ti kún.

Òjò ń lu páànù, Màámi. Páànù tí èmi fúnra mi yàn pariwo débi pé èmi gan-an ò gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ló bá rọra yí igun ilé, ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà kejì tí kò ní ohunkóhun. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sún, ó tẹ́ ẹní fún un. Bàbá náà fi ọwọ́ pè mí, ó sì fẹnu sí mi létí.

“Ọmọ mi, omi ti jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn wú. Ní kí wọ́n fá a. O ṣeun tí o kọ́lé fún wa.”

Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ò bá tẹ́ ẹní yẹn fún un? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ó sì ń dùn mí.

Mo ti yọ igi náà kúrò. Kì í ṣe nítorí rẹ̀. Mi ò mọ ìyá tí yóò kan ilẹ̀kùn yẹn lọ́la ni. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn sí èkejì, afẹ́fẹ́ gbé òjò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lu bàbá náà, ó sì wúkọ́ nígbà tó jókòó. Ìyẹn nìkan ni mo tíì gbà padà fún yín, kò sì tó mi.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Páànù á dákẹ́. Bàbá Onípáànù ti fẹ́ràn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ibẹ̀ ló ń jókòó ní gbogbo ọ̀sán. Màá lọ jókòó tì í, màá kí i dáadáa bí ẹ ṣe kọ́ mi, màá sì bi í léèrè ewúrẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánńà ṣe ilé yín, ilé tí kì í kún.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi ẹní wé, tí òjò ò kàn.