Bàbá Rẹ Tó Kú Sínú Ìwé Ìdánwò

Hoi-ting, ọmọ mi,

Má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi yìí, ó rí wúruwùru bí ẹsẹ̀ akàn lórí ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìwé díẹ̀ ni mo kà. Èmi Sau-lan ni, ìyàwó tí bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àǹtí rẹ tó ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn nígboro ń fún ẹ lóúnjẹ gbígbóná? Kí Tin Hau, òrìṣà tó ń ṣọ́ òkun, máa ṣọ́ ẹ nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ yẹn, tó jẹ́ pé èèyàn ò lè rí ojú ọ̀run níbẹ̀ kó fi mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀. Àwa ní Tai O wà dáadáa. Òórùn edé tá à ń sá ti gba gbogbo ilé, ara bàbá rẹ sì le, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ìwé ìdánwò àfidánrawò Gẹ̀ẹ́sì tó o fi ránṣẹ́ pé kí bàbá rẹ fọwọ́ sí ló dá wàhálà sílẹ̀. A gbé e lọ fún Bàbá Ping tó ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ òkun nígbà èwe wọn, torí àwọn ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kà á débì kan, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjì gbé bàbá rẹ lọ, wọ́n kú sómi, ìyàwó tuntun wọn sì dúró létí òkun, omijé kan ò bọ́ lójú ẹ̀. Bàbá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n gbé ẹ̀pà náà sílẹ̀.

O mọ̀ pé apẹja ni wọ́n, a kì í tiẹ̀ yí ẹja padà nínú àwo wọn kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Mo se omi ewé ọsàn ńlá fún wọn kí wọ́n fi wẹ aburú kúrò lára, mo lọ tan tùràrí fún Tin Hau, mo sì gbé bàtà wọn pamọ́ kí wọ́n má baà lọ sójú omi. Mo ní kí n pè ẹ́ lórí fóònù, wọ́n ní ta ni n óò sọ pé ó ń béèrè ẹ. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n ní kí opó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ìwé ò padà, ni Tíṣà Kwok bá pè wá. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ni ìdánwò náà là sílẹ̀: èèyàn lè kọ àròkọ lórí ohun tó jẹ́ òótọ́, tàbí kó kọ ìtàn àròsọ, ìtàn lo sì mú. Mo bi wọ́n léèrè bóyá ìjọba mọ̀ sí i. Wọ́n ní ìjọba ló ṣètò ẹ̀. Nígbà tèmi, rúlà ni wọ́n fi ń na ẹni tó bá parọ́. Báyìí wọ́n ń fún un ní máàkì. Mo wá rọra béèrè bóyá ti obìnrin tí ò sunkún yẹn náà wà lára àròsọ. Wọ́n ní látòkè délẹ̀ ni. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi.

Tíṣà ní ìwọ lo gba máàkì tó ga jù. Bàbá rẹ ní ṣé ikú àwọn ló gbapò kìíní, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n gba bàtà wọn, wọ́n sì ti ń fi yangàn lórí afárá, wọ́n ń sọ fún àwọn apẹja yòókù pé ikú tiwọn ò lè mú máàkì kankan wá.

Ní ti ìdánwò gidi tó ń bọ̀, bàbá rẹ ní òótọ́ ni kó o mú, kó o kọ nípa edé, pé edé ò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ò gbà. Ìtàn lo mọ̀ ọ́n kọ jù, mú ìtàn. Bó bá gba pé kí wọ́n tún rì, jẹ́ kí wọ́n rì, màá ti se omi ewé sílẹ̀. Kìkì pé kí obìnrin náà sunkún. Nígbà tí Bàbá Ping ń kà á, bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, síbẹ̀ mo di ọwọ́ aṣọ wọn mú, mo sunkún bí ẹni tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí lóòótọ́.

Má fi owó ránṣẹ́, fi jẹun. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé bó o bá pe ilé, tó jẹ́ èmi ni mo gbé e, má tètè ní kí n gbé e fún bàbá rẹ. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lọ́jọ́ ìdánwò, kí bírò rẹ má gbẹ.

Bàbá rẹ ń pè mí láti inú ọkọ̀, kí n wá gba okùn. Ohun kan ló kù, orúkọ tó o máa máa pè mí tó o bá wálé, èmi ò lè yàn án fún ẹ, àmọ́ bó bá jẹ́ pé o fẹ́ pè mí ní ìyá, màá jẹ́ ẹ.